Aṣọ Àpẹẹrẹ: Ìgbafẹ́ Abẹ́rẹ́ àti Òwú

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wọn)

  

Nígbà tí àwọn ìjòyè ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò máa retí ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yáwó, nípa èlé, tàbí nípa bí a ṣe ń pín èrè ọdún. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò ní ṣàì wáyé, ẹlòmíràn ni yóò sì sọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ tèmi kò ju abẹ́rẹ́ kan, òwú díẹ̀ àti ègé aṣọ kan lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Àwọn àgbà ni ó sọ pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní sampler. Èmi yóò máa pè é ní aṣọ àpẹẹrẹ, nítorí pé bí a bá tọpa orúkọ náà lọ, inú èdè Látìn ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kò sì ju àpẹẹrẹ náà lọ. Ègé aṣọ ni, tí ènìyàn ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú aláràbarà ṣe lẹ́tà, nọ́ńbà, òdòdó, ẹyẹ, ilé, àti orúkọ ara rẹ̀ sí. Kì í ṣe wíwọ̀, kì í ṣe bíbora. A ń ṣe é fún ìgbádùn, bí ó bá sì parí, a ó gbé e kọ́ sára ògiri.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, aṣọ àpẹẹrẹ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ rárá. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, obìnrin tí ó bá rí ọnà tuntun lára aṣọ ẹlòmíràn kò ní ìwé tí yóò yà á sí. Ohun tí ó ń ṣe ni pé yóò fi abẹ́rẹ́ ṣe díẹ̀ nínú ọnà náà sórí aṣọ kan tí ó tọ́jú, yóò ká aṣọ náà, yóò sì fi í pamọ́ sínú àpótí. Ọjọ́ tí ó bá nílò ọnà náà, yóò tú aṣọ rẹ̀, yóò sì wò ó. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn aṣọ àpẹẹrẹ tí wọ́n ṣe láàárín 1600 sí 1700 fi gùn tí wọn kò sì fẹ̀, bí ọ̀já ìgbọ̀mọ. Ìwé ni aṣọ náà jẹ́ fún ẹni tí ó ni ín. Ní nǹkan bí 1523 ni ìwé ọnà abẹ́rẹ́ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ìlú Augsburg ní Jámánì, ṣùgbọ́n èyí kò pa aṣọ àpẹẹrẹ run.

Nínú èyí tí wọ́n ṣe ní Britain tí a sì kọ ọdún sí lára, èyí tí ó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ wà ní Victoria and Albert Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Jane Bostocke ni ó ṣe é ní 1598. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó fi ọdún sí i, ó sì tún fi ṣe ìrántí ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Alice Lee, tí a bí ní 1596. Ẹ wo bí ó ti jìnnà tó. Ó ti lé ní irínwó ọdún. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó mú kí a máa dárúkọ àwọn méjèèjì nínú ìpàdé yìí lónìí.

Nígbà tí ó ṣe, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Láti nǹkan bí 1700 lọ, ó di ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ìwé: A, B, C títí dé òpin, lẹ́yìn náà 1, 2, 3. Ìdí pàtàkì kan wà fún èyí. Ní àwọn ilé ńlá, gbogbo aṣọ ibùsùn àti aṣọ ìnuwọ́ ni a ń fi lẹ́tà àti nọ́ńbà kéékèèké sàmì sí, kí wọn má baà sọnù lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Ọmọ tí ó bá mọ àmì náà ṣe dáradára kì í wá iṣẹ́ tì. Ní ìlú Bristol, ní àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí tí George Müller dá sílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ilé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ashley Down ní 1849, àwọn ọmọbìnrin náà a máa fi òwú pupa ṣe oríṣiríṣi lẹ́tà ńlá àti kékeré sórí aṣọ funfun kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bá ń wá iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò fi hàn ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní eré lónìí ti jẹ́ ìwé ẹ̀rí fún ọmọ tálákà nígbà kan rí.

Ó kan àwa náà

Bóyá ẹnìkan ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Nǹkan Òyìnbó ni èyí, kí ni ó kàn wá?” Ó kàn wá, ará. Láàárín nǹkan bí 1820 sí 1850, ní àwọn ilé-ìwé ìjọ CMS ní Sàró, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ṣe aṣọ àpẹẹrẹ, díẹ̀ sì ṣẹ́kù nínú wọn títí di òní. A máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tí ń dáwó fún iṣẹ́ ìjọ náà ní England. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń tú sílẹ̀ ní Sàró nígbà náà, ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí ní 1822. Orúkọ Òyìnbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ wọ́n ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi abẹ́rẹ́ kọ sílẹ̀, orúkọ tí ìyá wọn kò mọ̀. Bí mo bá ro èyí, ó máa ń mú mi dákẹ́. Bí a bá wá jókòó lónìí, tí a fi òwú kọ Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àjọkẹ́ sórí aṣọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, a kò ṣe ohun kékeré.

Láti Sàró ni àwọn oníwàásù àti àwọn tí ó padà wálé ti gbé abẹ́rẹ́ ilé-ìwé dé Abẹ́òkúta, Èkó àti Ìbàdàn. Nígbà tí Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853, aṣọ rírán wà lára ohun tí ó kọ́ àwọn ọmọ tí ó gbà sọ́dọ̀. Títí di ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín lọ sílé-ìwé, iṣẹ́ ọwọ́ ṣì wà lára ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lè rántí ègé aṣọ tí ẹ rán oríṣiríṣi ojú abẹ́rẹ́ sí, tí ẹ fi lẹ ìwé fún máàkì. Àbúrò aṣọ àpẹẹrẹ ni.

Ẹ̀yin ọkùnrin náà kọ́ ni kí ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ta ni ó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ọrùn agbádá àtijọ́? Ní Ìlọrin àti ní ilẹ̀ Haúsá, ọkùnrin ni. Àwọn Haúsá ní ọnà kan tí wọ́n ń pè ní aska takwas, ìyẹn ọ̀bẹ mẹ́jọ, nítorí àwọn ṣóńṣó gígùn mẹ́jọ tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wọn. Ọnà tí ó wà lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo, tí kò sí lórí aṣọ àpẹẹrẹ kankan, ọjọ́ tí bàbá náà bá lọ ni ọnà náà lọ. Bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín kan bá ṣì mọ̀ ọ́n, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe ìka mẹ́rin rẹ̀ sórí aṣọ fún yín. Ìwúlò àkọ́kọ́ tí aṣọ àpẹẹrẹ ní láyé nìyẹn.

Ìgbádùn tí ó wà níbẹ̀

Ìgbádùn àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ yìí ń mú ọkàn rọlẹ̀. Ẹni tí ó ń ka ojú aṣọ, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, tí ó ń wo ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà, kò ráyè ro owó orí tí ọlọ́jà gbé lé gàrí. Ìkejì, ó ń dàgbà lójú ẹni. A gbálẹ̀ lówùúrọ̀, ilẹ̀ tún dọ̀tí lálẹ́. A se ọbẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a ṣe lánàá wà níbẹ̀ lónìí, yóò sì wà níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Ìkẹta, kò sí àṣìṣe tí kò ní àtúnṣe. Bí ojú bá ṣì, a ó tú u, a ó sì tún un ṣe, kò sí ẹni tí yóò bá wa jà. Nǹkan mélòó ni ó rí bẹ́ẹ̀ nínú ayé yìí? Ìkẹrin, kò di ẹnu. Ènìyàn márùn-ún lè jókòó sábẹ́ igi kan, kí ọwọ́ máa ṣiṣẹ́, kí ẹnu máa tàkúrọ̀sọ.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ nípa obìnrin kan tí kì í ṣe ẹni ńlá. Elizabeth Parker ni orúkọ rẹ̀, ìlú Ashburnham ní Sussex, England, ni wọ́n ti bí i ní 1813. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀, ó sì ti kékeré lọ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kan. Ní nǹkan bí 1830, ó mú aṣọ funfun kan àti òwú pupa, ó sì fi ìrán alágbèélébùú kọ ìtàn ìyà rẹ̀ sílẹ̀ láìfi òdòdó tàbí ẹyẹ kankan sí i. Ó ju ogójì ìlà lọ. Ó sọ nínú rẹ̀ pé òun kò lè kọ̀wé. Ó sì sọ bí ọkàn rẹ̀ ti dàrú tó tí ó fi rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá sí àárín gbólóhùn, kò parí. Obìnrin náà kò kú nígbà náà. Ó di olùkọ́ ní ilé-ìwé ní ìlú rẹ̀, ó sì gbé láyé títí di 1889. Aṣọ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ Elizabeth Parker wá sí ìpàdé wa ni pé nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn ìyá àti bàbá kan ṣì wà tí ó jẹ́ pé ìka ni wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó gba owó wọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Òógùn wọn ni wọ́n fi kó owó náà jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tẹ̀ka kò mọ ohun tí a kọ sókè ìka rẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn bá kà fún un ni yóò gbà. Èmi kò sọ pé abẹ́rẹ́ yóò rọ́pò kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyá tí ẹ̀rù bíírò ń bà, tí ó ní ọwọ́ òun ti le jù fún ìwé, abẹ́rẹ́ kò ṣàjèjì sí i. Ẹ jẹ́ kí ó fi òwú ṣe orúkọ ara rẹ̀, lẹ́tà kan lóru kan. Nígbà tí ó bá fi máa parí, kò sí lẹ́tà kan nínú rẹ̀ tí kò ní dá mọ̀ níbikíbi tí ó bá ti rí i, ìbáà jẹ́ nínú ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é

Aṣọ tí ó rọrùn jù ni èyí tí a hun kí ihò rẹ̀ lè hàn lọ́gbọọgba, tí wọ́n ń pè ní Aida. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní ojú 14 nínú ínṣì kan. Ẹni tí kò bá rí i rà lè fi àpò kòkó tí a ti fọ̀ mọ́ kọ́ ọwọ́, kí ó sì lo òwú tí ó nípọn. Òwú iṣẹ́ náà ní fọ́nrán mẹ́fà. Méjì ni a sábà ń lò lẹ́ẹ̀kan lórí aṣọ olójú 14. Kí òwú má gùn ju ìgúnpá dé orí ìka lọ, kí ó má baà máa lọ́ mọ́ra. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú ni ó dára.

Ẹ ṣẹ́ aṣọ sí mẹ́rin kí ẹ lè mọ àárín rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ojú kan, ẹ ti ìsàlẹ̀ apá òsì yọ abẹ́rẹ́, ẹ kì í bọ òkè apá ọ̀tún. Ẹ tún yọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, ẹ kì í bọ òkè apá òsì. Ó di àgbélébùú kan. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà: kí ẹsẹ̀ tí ó wà lókè máa kọjú sí ibì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí ni ó ń mú kí iṣẹ́ dán.

Fún lẹ́tà Yorùbá, ẹ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ojú márùn-ún ní ìbú àti méje ní òró, kí ẹ sì fi ojú méjì sílẹ̀ láàárín lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí aṣọ yín bá ní àyè ojú 70 ní ìbú, A títí dé H yóò gba ìlà kìíní, pẹ̀lú Gb tí ó jẹ́ méjì lójú. I títí dé P yóò gba ìlà kejì. R títí dé Y yóò gba ìlà kẹta. Lẹ́tà 25 pé. Ẹ fi ojú méjì sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìlà fún àmì ìdí ẹ, ọ àti ṣ, kí ẹ sì fi méjì sílẹ̀ lókè ìlà orúkọ fún àmì ohùn. Ẹ wo bí èdè wa ti bá abẹ́rẹ́ mu tó: ìdajì àgbélébùú tí ó gòkè lọ sí apá ọ̀tún ni àmì ohùn òkè, ìdajì tí ó gòkè lọ sí apá òsì ni àmì ohùn ìsàlẹ̀. Ohùn àárín kò nílò ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ojú 70 ní ìbú àti 98 ní òró, lórí aṣọ olójú 14, jẹ́ ínṣì 5 sí ínṣì 7. Ẹ fi ínṣì méjì kún un yíká. Ẹ ra aṣọ ínṣì 9 sí ínṣì 11. Ojú 6,860 ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdajì ni a ṣiṣẹ́ sí, ó jẹ́ 3,430. Ẹni tí ó bá ń ṣe ọgọ́rùn-ún ojú ní wákàtí kan, tí ó sì ń fi ìdajì wákàtí sí i lójoojúmọ́, yóò parí rẹ̀ láàárín oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ta ni kò mọ̀ nínú wa pé bí owó ìdákọ́ọ̀pọ̀ náà ti ń dàgbà nìyẹn?

Ìkìlọ̀ díẹ̀

Ẹ má ṣe yá owó nítorí ìgbafẹ́. Bí àwa mẹ́wàá bá fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ kí a dáwó jọ, kí a ra aṣọ ní ọ̀pá, kí a sì pín in. Kí a ra òwú papọ̀, kí ẹni tí ó nílò pupa gba pupa, kí ẹni tí ó nílò àwọ̀ ewé gba tirẹ̀. Ohun tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni èyí. Ẹ má ṣe é lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀. Ẹ jókòó sẹ́bàá fèrèsé ní ọ̀sán, ẹ sì máa gbójú sókè wo ọ̀nà jíjìn látìgbàdégbà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò dá mọ́, kí ó lo aṣọ tí ihò rẹ̀ tóbi. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan yóò bi mí pé, “Èló ni yóò mú wọlé?” Ẹni tí ó bá fẹ́ tà, kí ó tà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo ohun tí ọwọ́ wa bá ṣe di ọjà. Láti àárọ̀ dé alẹ́ ni a ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ, fún ọkọ, fún aya, fún ìjọ, fún ẹbí. Ẹ rántí orúkọ tí a ń jẹ́: alájẹṣẹ́kù. Ẹni tí ó jẹ, tí ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. A ti mọ bí a ṣe ń ṣẹ́ owó kù. Ṣé a ń ṣẹ́ àkókò kù fún ara wa? Ẹni tí ó na gbogbo ọjọ́ rẹ̀ tán láìku ìṣẹ́jú kan sọ́wọ́, bákan náà ni òun àti ẹni tí ó na gbogbo owó rẹ̀ tán.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe aṣọ àpẹẹrẹ kan papọ̀. Kí orúkọ ẹgbẹ́ wà lókè, kí ọdún tí a dá a sílẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe orúkọ tirẹ̀ sí i, àti ọkùnrin àti obìnrin, àti ẹni tí ó kàwé àti ẹni tí ó ń tẹ̀ka. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ni kí ó kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kọ orúkọ àwọn tí ó bá fẹ́ kí a tó túká.